Ìlà Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Lójú Ìwé Kan

Ìyá Àlàfo ni gbogbo ilé ìtẹ̀wé náà ń pè é, kò sì bínú sí i rí. Àwọn tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Tí ẹ bá gbé ìwé kan fún un, ohun tí yóò kọ́kọ́ wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àárín ìlà ni. Á gbé ìwé náà jìnnà sójú, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Àwọn ìlà yìí ò rímú mí." Tàbí kó ní, "Èyí ti jìnnà síra jù, ìlà kejì ò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n." Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ á bú sẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ráyè mí kò ṣeé kà, ẹni tí kò bá sì mọ èyí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to ọ̀rọ̀ sójú ìwé kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣe é. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìlà kan sí èkejì, wọn á ki òjé pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlà jìnnà síra, á ki méjì bọ̀ ọ́, á sì tún gbogbo ojú ìwé náà tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣì ní ọ̀kan nínú àwọn òjé náà nínú àpótí tábìlì rẹ̀, ó ń fi í la àpò lẹ́tà. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ti gba gbogbo rẹ̀. Àlàfo tó máa ń gba odidi ọ̀sán kan ti di ohun tí ìka méjì ń ṣe kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́, ìlà á sún kúrò lára ara wọn. Ẹ kọ iye ti tẹ́lẹ̀ padà, wọn á tún sún mọ́ra bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló kó o sí wàhálà.

Tábìlì kejì nínú yàrá náà, ti Tíṣà ni. Kì í ṣe pé ó ṣì ń kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kó tó wá di ẹni tó ń ka ẹ̀dà àyẹ̀wò, ìyẹn ìwé tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ jáde látinú kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè rí àṣìṣe inú rẹ̀ kí ìwé gidi tó wọ ẹ̀rọ. Tíṣà á gbé ẹ̀dà náà lọ sílé, á fi bírò pupa sàmì sí ohun tó bá wọ́, á gbé e padà wá. Ìyá Àlàfo á gbà á, á tún gbogbo ibi tí ó pọ́n ṣe, ìwé á sì lọ. Òun ni ojú ìkẹyìn tó ń rí ìwé kó tó wọ ẹ̀rọ, ó sì fẹ́ràn kí àwọn èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe é báyìí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ lójúmọ́ kò pọ̀. "Ẹ káàárọ̀, Tíṣà." "Káàárọ̀, ìyá. Ṣé dáadáa lo jí?" Ó tán. Ìyókù ọ̀rọ̀ wọn, inú bírò pupa ló wà.

Tíṣà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé níbi tó jìnnà. Ká má tan ara wa, tí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tí yóò máa gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀.

Wọ́n sì ti fẹ́ẹ́ gbà á. Lọ́dún tó kọjá, ìwé méjì jáde pẹ̀lú àṣìṣe tó ń bani lójú jẹ́. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé, níbi tí ìbéèrè kan ti fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, tí ìdáhùn gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e sì yẹ̀. Èkejì jẹ́ ìwé ìrántí olóògbé kan, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ níwájú, tí wọ́n sì ṣì í kọ lẹ́yìn. Àbúrò olóògbé náà gbé ìwé náà wá fúnra rẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn fi ìka sí orúkọ náà, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ẹni tó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Ọ̀gá Kékeré, ọmọbìnrin ọkùnrin tó dá ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀ kó tó kú. Orúkọ yìí ti mọ́ ọn lára láti kékeré, kò sì kúrò lára rẹ̀ nígbà tó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀.

"Bàbá Tíṣà," Ọ̀gá Kékeré ní lọ́jọ́ náà, ó dúró láàárín tábìlì méjèèjì, "mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ìjà. Ìwé ìyá agbẹ̀bí ló kàn. Tí àṣìṣe kan bá tún bọ́ síta níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, a máa ní kẹ́ ẹ lọ sinmi."

Tíṣà kò jiyàn. Ó wo ọ̀dọ̀ Ìyá Àlàfo fìrí, ó wo tábìlì rẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́, Ọ̀gá."

Ìwò fìrí yẹn wọ Ìyá Àlàfo lára. Ó gbà pé bàbá arúgbó náà ń bẹ òun ni. Ó sì ti ń ṣọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Nínú yàrá yẹn, tí wọ́n bá gbé ìwé kan fún Tíṣà láti wò lójú ẹsẹ̀, á bọ́ jígí ojú rẹ̀, á nù ún, á gbé e wọ̀, á tún bọ́ ọ. Á fi imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Nígbà míì á ní òun máa wò ó nílé. Ojú ti ń fi í sílẹ̀, Ìyá Àlàfo sọ bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀, ojú ti rẹ bàbá, kò sì lè sọ. Àánú ṣe é gan-an. Ó sì pinnu pé òun máa ràn án lọ́wọ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, títí kan Tíṣà fúnra rẹ̀.

Ìwé ìyá agbẹ̀bí yìí kì í ṣe ìwé ṣeréṣeré. Obìnrin náà ti gbẹ̀bí fún ogójì ọdún, ó wá kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ sílẹ̀ fún àwọn agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó tẹnu mọ́ nígbà tó gbé e wá ni pé kí atọ́ka wà lẹ́yìn ìwé, kí ọ̀rọ̀ pàtàkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ojú ìwé tí wọ́n ti lè rí i. "Ẹni tó ń rọbí ò ní dúró dè yín kẹ́ ẹ máa ṣí ìwé kiri," ó ní bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ atọ́ka náà fún Tíṣà.

Ìlà mẹ́rìndínlógójì ló wà lójú ìwé kan nígbà tí Ìyá Àlàfo tò ó tán. Kó tó tẹ ẹ̀dà àyẹ̀wò jáde, ó mú àlàfo àárín ìlà fẹ̀ sí i. Ìlà mẹ́rìndínlógójì di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tó fún pọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ráyè nàsẹ̀. Tí Tíṣà bá ti kà á tán, òun á fún un pọ̀ padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ku ohun kékeré kan. Lókè ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni àpótí kan tí wọ́n fi ìlà yà máa ń wà tí òun fúnra rẹ̀ ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí: ta ni ẹ̀dà yìí wà fún, ìlà mélòó ló wà lójú ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè àpótí náà. Tó bá kọ mẹ́rìndínlógójì, irọ́ ni. Tó bá kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ti tú bàbá fó nìyẹn. Ó kọ "Tíṣà" síbi orúkọ, ó fi ibi iye ìlà sílẹ̀ lófìfo.

Tíṣà gba ẹ̀dà náà, ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó wò ó pẹ́. Ó tún wo òkè, níbi àpótí tó ṣófo náà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo Ìyá Àlàfo.

"Ó ti ṣí díẹ̀," ó ní.

"Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà?"

"Ó dáa. Tó bá ti rọrùn bẹ́ẹ̀, ó dáa gan-an."

Bí àgbà ṣe ń dúpẹ́ láìdúpẹ́ nìyẹn, Ìyá Àlàfo rò bẹ́ẹ̀. Ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń rìn nínú yàrá náà bí ẹni tó fi nǹkan pa mọ́ sábẹ́ aṣọ. Odidi oṣù kan ni òun náà fi ṣiṣẹ́ lórí ìlà tó ṣí yẹn, nítorí pé ibi tí bírò pupa wà lójú ẹ̀dà Tíṣà ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ó ṣàkíyèsí pé orí kì í fọ́ òun mọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ọkàn rere tí òun ní ni.

Nígbà tí àtúnṣe parí, ó kọ iye ti tẹ́lẹ̀ padà. Ìlà sún mọ́ra, ìwé sì di ojú ìwé 164 géérégé. Ọ̀gá Kékeré wo bébà díẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ní ó dáa. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀. Ó ku atọ́ka nìkan, ojú ìwé mẹ́jọ lẹ́yìn, kí ìwé tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dì í ní Ọjọ́bọ̀.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, Tíṣà gbé atọ́ka wá nínú fáìlì, ó sì padà sílé lọ sinmi. Ó ti fọwọ́ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà bí ìgbà tó ń kọ ọ́ sójú pátákó. Ìyá Àlàfo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ A, ó tẹ B, ó kọjá D, ó dé Ẹ. "Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ, 131." Ó rántí ibẹ̀ dáadáa, nítorí àwòrán kan wà níbẹ̀ tó yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣebí nǹkan bí ìdajì ìwé ló wà? Ó na ọwọ́ sí bébà tí wọ́n ti tẹ̀, ó wá ojú ìwé 131. Ohun tó wà níbẹ̀ ni bí a ṣe ń nu ìdodo ọmọ tuntun. Ó yí ìwé Tíṣà sí ẹ̀yìn pátápátá. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn wà ní ojú ìwé 224.

Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ parí sí 164.

Lórí ẹ̀dà tí ìlà rẹ̀ ṣí ni Tíṣà ti ṣe gbogbo atọ́ka náà. Níbo ni ì bá tún ti ṣe é? Èyí nìkan ni wọ́n fún un. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ sí irinwó ló wà nínú atọ́ka yẹn, kò sì sí ọ̀kan tó tọ́ka síbi tó yẹ. Kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ìṣirò yanjú, nítorí pé orí ìwé kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé tuntun, àwọn àwòrán sì ń gba àyè bó ṣe wù wọ́n. Ó ro ti agbẹ̀bí kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà níwájú rẹ̀, tó sáré ṣí ojú ìwé 131, tó bá ìdodo níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ro ti Tíṣà. Àṣìṣe Tíṣà ni wọ́n máa pè é. Tí òun bá sì ní òun lòun fà á, wọ́n á bi òun pé kí ló dé tóun fi ṣí ìlà, kò sì sí ìdáhùn kankan tí kò ní sọ fún Ọ̀gá Kékeré pé bàbá náà kò ríran mọ́.

Ó kó ẹ̀dà tó ṣí, fáìlì atọ́ka àti bébà tí wọ́n tẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ ra nǹkan, ó sì gba ilé Tíṣà lọ.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni Tíṣà ń gbé, ní àjà kejì ilé kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ dín ní ìgbésẹ̀ kan. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Àga méjì ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀kan ní tìmùtìmù tí wọ́n fọwọ́ rán, kò sì sí àmì pé ẹnikẹ́ni ń jókòó lé e. Tíṣà fa àga náà fún un.

"Tíṣà, ẹ dárí jì mí," ó ní kó tó jókòó.

"Jókòó ná. Ta ló kú?"

Kò sẹ́ni tó kú. Ó sọ fún un. Ó tẹ́ bébà tí wọ́n tẹ̀ síwájú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀dà tó ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tíṣà ki ọwọ́ bọ àpótí tábìlì, ó mú awò kan jáde, irú èyí tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, ó gbé e lé bébà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà láti òkè wá sísàlẹ̀.

"Mẹ́rìndínlógójì," ó ní. "O fún un pọ̀ padà. Kí ló dé? Mo rò pé bó ṣe máa jáde nìyẹn. Mo ní àwọn agbẹ̀bí máa rí i kà dáadáa, ká tiẹ̀ ní tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń tàn sí i."

"Ẹ̀yin ni mo ṣí i fún, sà. Nítorí ojú yín. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."

Tíṣà gbé awò náà sílẹ̀. "Ojú mi?"

"Mo rí i bẹ́ ẹ ṣe ń nu jígí."

"Ìyá," Tíṣà ní, "ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń fi awò yìí kàwé. Ìlà tó ṣí, ìlà tó fún, ọ̀kan náà ni wọ́n lábẹ́ ẹ̀. N kì í mú un wá síbi iṣẹ́ ni, mi ò fẹ́ kí Ọ̀gá Kékeré rí i lọ́wọ́ mi." Ó kọjú sí i. "Ìwọ ni mo rò pé o ṣí i fún ara ẹ."

"Fún ara mi? Kí ló ṣe mí?"

Bàbá náà dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ìdì bébà méjì jáde tí wọ́n fi òwú so. Ó gbé wọn síwájú Ìyá Àlàfo, ó sì lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí i, bí ẹni tí kò fẹ́ wo ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀dà àyẹ̀wò ìwé ìṣirò ni ìdì kìíní. Ẹ̀dà ìwé ìrántí ni èkejì. Ìyá Àlàfo tú wọn. Ó rí ibi tí bírò pupa ti yí ìbéèrè kan po, tó fa ọfà láti ibẹ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ sísàlẹ̀. Ó rántí pé òun gbé e lọ sísàlẹ̀. Òun kò yọ ọ́ kúrò lókè. Nínú ìwé ìrántí, bírò pupa ti tún orúkọ olóògbé náà ṣe níbi mẹ́rin, ó sì hàn ketekete. Ibi mẹ́ta ni òun tún ṣe. Ìkẹrin wà lórí ìlà tó tẹ̀ lé ìkẹta gan-an, ìlà tó fún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ojú òun sì fò ó.

Ó jókòó pẹ̀lú bébà náà lọ́wọ́. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná. Inú sì ń bí i, kò sì mọ ẹni tí inú ń bí òun sí.

"Kí ló dé tẹ́ ò fi èyí han Ọ̀gá Kékeré?" ó ní.

"Kí n fi hàn án kó wá ṣe kí ni? Tí wọ́n bá ní kí ẹni àádọ́rin ọdún lọ sinmi, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Ìwọ ṣì ní ọdún mẹ́fà sí i kó o tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ẹ tó kéré jù sì wà níléèwé." Tíṣà yíjú padà. "Nígbà tó o wá ṣí ìlà yẹn, tó o fi àpótí sílẹ̀ lófìfo, mo ní ó ti mọ̀, ó ti ń wá ọgbọ́n dá sí i. Mo ní kí n má dójú tì ẹ́."

"Mi ò mọ nǹkan kan, Tíṣà."

"Kà á fún mi." Ó mú bébà kan nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀, ó gbé e fún un. "Látòkè."

Ó ka ìlà kìíní. Ó ka ìkejì. Ó ń ka ìkẹta lọ pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò sí ohun tó ń ṣe é.

"O ti fo ọ̀kan," Tíṣà ní jẹ́jẹ́. "Ìkẹrin lo wà."

Ó gbé bébà náà jìnnà sójú. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà yẹn ló wá hàn sí i pé ohun tí gbogbo ilé ìtẹ̀wé fi ń ṣe òun ní yẹ̀yẹ́ kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ìwé nìkan mọ́, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tó ti rí bẹ́ẹ̀. Ó sunkún. Kò sunkún púpọ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó bú ara rẹ̀ ní òmùgọ̀, Tíṣà sì ní kó má bú ẹni tí òun ń bá ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tún atọ́ka náà ṣe lórí tábìlì yẹn. Ìyá Àlàfo gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, ó ní Tíṣà àti òun ń parí atọ́ka, kò sì parọ́. Ẹ̀dà tó ṣí wà níwájú rẹ̀, èyí tó fún wà níwájú Tíṣà lábẹ́ awò. Òun á ké e jáde: "Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, 131, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ní kí agbẹ̀bí fọwọ́ tẹ ikùn." Tíṣà á wá a kiri pẹ̀lú awò, á ní, "Márùndínlọ́gọ́rùn-ún." Ìyá Àlàfo á kọ ọ́ gbàgà-gbàgà. Lórí ìlà tó ṣí, ojú rẹ̀ kò fo ẹyọ kan, ó sì ń yára tó bẹ́ẹ̀ tí Tíṣà fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ju èyí tí wọ́n ti sọ fún ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ó gbọ́ pé ìyàwó Tíṣà ló rán tìmùtìmù náà, àti pé kò sí ẹni tó jókòó lé e láti ọjọ́ tó ti lọ. Ó fẹ́ dìde. Tíṣà ní kó jókòó, ó ní tìmùtìmù kì í ṣe fọ́tò téèyàn kàn ń wò.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, wọ́n dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Ojú ìwé 162.

"Ó parí," Tíṣà ní. "Atọ́ka ti pé, ìwé á jáde láìlábàwọ́n, èmi á sì wà nídìí tábìlì mi. Kò sẹ́ni tó ní láti gbọ́ nǹkan kan."

Òótọ́ ni. Ìyá Àlàfo mọ̀ pé òótọ́ ni. Tó bá dákẹ́, kò sí ohun tó máa ṣe ẹnikẹ́ni. Tíṣà á ṣì máa jẹ́ ẹni tó ba ìwé méjì jẹ́ lọ́dún tó kọjá, òun á sì máa jẹ́ ojú ìkẹyìn. Ó rò ó wò ní ìwọ̀n ìgbà tó fi kó bébà jọ. Lẹ́yìn náà ló kó ìdì méjèèjì mọ́ra.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," Tíṣà ní.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e, sà."

"Mo ní kó o fi sílẹ̀."

"Mo gbọ́ yín," ó ní, ó sì gbé e.

Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti tẹ atọ́ka sínú kọ̀ǹpútà tán, ó sì ti dúró níwájú tábìlì Ọ̀gá Kékeré. Kò jókòó nígbà tí wọ́n ní kó jókòó. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ọ̀kan pe méjì: ìlà tó ṣí, atọ́ka, ìwé ìṣirò, ìwé ìrántí. Ó gbé ìdì méjèèjì síwájú rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dúró pẹ́ níbi orúkọ olóògbé náà.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni, Ọ̀gá. Gbogbo rẹ̀."

"Odidi ọdún kan ni mo fi ń wo bàbá yẹn níwòkuwò," Ọ̀gá Kékeré ní. Kò pariwo. Ó dìde, ó kọjá lára Ìyá Àlàfo, ó wọ yàrá tí Tíṣà jókòó sí, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́bàá tábìlì rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, sà."

"Dìde," Tíṣà ní, "wọn ò tíì gbálẹ̀ ibẹ̀."

Ó dìde. Ó wá kọjú sí Ìyá Àlàfo tó ti tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kó lọ rí dókítà ojú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó ní láti òní lọ, tó bá ti ṣe àtúnṣe tán, tó sì ti fún ìlà pọ̀, ìwé kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ láìjẹ́ pé Tíṣà tún un kà. Tíṣà ni ojú ìkẹyìn. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fi "ẹ jọ̀ọ́" sí i, síbẹ̀ ó dun Ìyá Àlàfo wọra. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó ní, "Ó yé mi, Ọ̀gá," ó sì lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ìwé tó kàn jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe, ó kún fún àwòrán irin wẹ́wẹ́. Ìyá Àlàfo tò ó tán, ó ṣí àárín ìlà, ó tẹ ẹ̀dà àyẹ̀wò jáde. Ó mú pẹ́ńsù. Ọwọ́ rẹ̀ tún dúró díẹ̀ lókè àpótí náà. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ síbẹ̀, gbàgà-gbàgà: Fún Tíṣà àti Ìyá Àlàfo. Ìlà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, yóò di mẹ́rìndínlógójì tí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ó gbé e lọ sí tábìlì kejì. Tíṣà ka ohun tó wà nínú àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó mú awò náà jáde, ó sì gbé e sórí tábìlì níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ti lè rí i.